Ìtàn Àwọn Dókítà Igi, àti Máńgòrò Ilé Wa

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni a gé igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà ló gbìn ín ní ọdún tí wọ́n bí bàbá mi, nítorí náà ẹgbẹ́ ni bàbá mi àti igi náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń ka ABD. Abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n to àga sí nígbà tí a ṣe ìsìnkú bàbá àgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ẹni tó lè sọ pé kí a gé e.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀ka kan ti nà lọ sórí òrùlé aládùúgbò wa, bàbá mi sì pe àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìgégi kiri àdúgbò. Wọ́n wo igi náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká bẹ́ ẹ lórí. Kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.” Ọmọkùnrin tó gùn ún lè má ju ọjọ́ orí tí mo wà báyìí lọ. Kò wọ bàtà, kò sì so okùn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò sí ewé kan lórí igi náà mọ́, àwọn ẹ̀ka ńlá tí wọ́n gé lágbedeméjì nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ẹ̀ka tuntun ti yọ, ewé ti bò ó, gbogbo wa sì ní iṣẹ́ náà dára.

Ní ọdún tó kọjá, ìjì òjò àkọ́kọ́ ya ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tuntun náà, ó sì jù ú sórí òrùlé aládùúgbò wa. Àbíkẹ́yìn wọn ń sùn nínú yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn igi àjà ló gba ẹ̀ka náà dúró. Ọmọ náà kò fara pa, ṣùgbọ́n igbe ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò tíì kúrò ní etí mi. Bàbá mi san owó páànù, ó sì ní kí a gé igi náà kúrò pátápátá. Ìyá àgbà ní, “Igi ò ṣẹ̀ yín. Àwọn tó bẹ́ ẹ lórí ló ṣẹ̀ ẹ́.” Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àwọn méjèèjì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan igi lórí oúnjẹ.

Èmi kò mọ ẹni tó jàre. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti tọ́jú igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lásán ni. Mo bá ìtàn pàdé níbẹ̀, ìtàn àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn igi gidigidi tí wọ́n sì ṣe é léṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé wọ́n rò pé bí ara ènìyàn ṣe rí ni ara igi rí.

Igi tó ní olùtọ́jú àti igi tí kò ní

Yorùbá mọyì igi. Odán ni àwọn baba wa ń gbìn síwájú ààfin àti sínú ọjà fún ibòji. Pérégún ni wọ́n fi ń pa ààlà ilẹ̀. Ewé akòko ni wọ́n ń fi sórí ẹni tó ń joyè. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni láti gé igi. Ṣùgbọ́n gbogbo igi wọ̀nyí ló ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ọba ló ni ti ààfin, àwòrò ló ń ṣọ́ ti ojúbọ. Igi ẹ̀yìnkùlé kò ní ju onílé lọ, onílé kò sì kọ́ iṣẹ́ igi níbì kankan.

Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìṣòro onílé yìí ti di iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́ tó sì ń fi jẹun. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, tó parí ní 1865, ọkọ̀ ojú irin mú kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ńlá lè máa gbé ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ààyè wà. Ní 1869, Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux ya àwòrán Riverside, àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú Chicago, tí ọ̀nà rẹ̀ ń yí kọ́rọkọ̀rọ láàárín igi. Ní 1872, J. Sterling Morton dá ọjọ́ ìgbin-igi sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Wọ́n ní igi tí wọ́n gbìn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún náà tó mílíọ̀nù kan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Èkó náà ń ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù Keje láti 2008.

Gbígbìn rọrùn. Ibi tí ìṣòro wà ni ohun tó ń tẹ̀lé e. Bí ẹ̀ka bá já nínú igbó, ilẹ̀ ló bọ́ sí. Bí ó bá já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó lè bọ́ sórí òrùlé, sórí wáyà iná tàbí sórí ọmọ tó ń sùn. Igi tí wọ́n gbìn ní ọdún 1870 sí 1880 ti dàgbà nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, àwọn onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò pè.

John Davey

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni John Davey. Wọ́n bí i ní 1846 ní Somerset, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú oko ni ó sì dàgbà sí. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún kí ó tó kọ́ bí a ti ń kàwé. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìwé ni ó padà sọ ọ́ di olókìkí. Ó kọ́ iṣẹ́ ọgbà ní ìlú Torquay, ó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà ní 1873. Ní nǹkan bí 1880 ó dé ìlú Kent ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n sì gbà á láti máa tọ́jú itẹ́ òkú Standing Rock. Láàárín àwọn ibojì ni ó ti ń wo igi tó ń ṣàìsàn, tó sì ń dán oríṣiríṣi ìtọ́jú wò.

Ní 1901 ó tẹ ìwé kan jáde, ó pe orúkọ rẹ̀ ní The Tree Doctor, èyí ni Dókítà Igi. Ó fi fọ́tò kún un kí onílé lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí igi ṣe ń bàjẹ́. Ó bá àwọn agégi tí kò kọ́ṣẹ́ wí gidigidi, pàápàá àwọn tó ń bẹ́ igi lórí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ èyí, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé kí a má bẹ́ igi lórí, kí àwọn ọkùnrin méjì yẹn tó wọ ilé wa.

Davey àti ọmọ rẹ̀, Martin, fi orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1909. Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ náà kí wọ́n tó rán wọn lọ sí ilé onílé. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Francis A. Bartlett ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Martin Davey padà di gómìnà Ohio, láti 1935 sí 1939. Mo rò pé èyí fi hàn bí iṣẹ́ igi ṣe níyì tó nígbà náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú igi? Bí oníṣègùn eyín ṣe ń tọ́jú eyín ni. Bí ihò bá wà lára igi, wọn yóò ha gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò títí wọn yóò fi kan ibi tó le, wọn yóò wá po sìmẹ́ńtì, wọn yóò fi dí i. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka, wọn yóò gé e kí ó dọ́gba mọ́ ìtí igi, wọn yóò sì fi ọ̀dà kun ojú egbò náà. Ó mọ́ lójú. Onílé rí i, ó sanwó, inú rẹ̀ sì dùn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ojú egbò igi yóò jinná lábẹ́ ọ̀dà bí egbò ènìyàn ṣe ń jinná lábẹ́ báńdéèjì.

Àrùn tí dókítà kò lè wò

Ní 1904 wọ́n rí àrùn kan lára igi chestnut ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York. Ẹ̀bu kan tó bá igi ilẹ̀ Éṣíà wọlé ni ó fà á. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1911 láti dá a dúró, ṣùgbọ́n pàbó ni ìsapá wọn já sí. Láàárín nǹkan bí 50 ọdún, àwọn igi chestnut tó kú lé ní bílíọ̀nù 3.

Lẹ́yìn náà ló kan igi elm. Igi yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù láti gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń pàdé lókè bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Òpópónà mìíràn wà tí igi mìíràn kò sí níbẹ̀ rárá. Ní 1930 wọ́n rí àrùn tuntun lára rẹ̀ ní Ohio. Ní ilẹ̀ Netherlands ni Bea Schwarz, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti ṣàwárí ẹ̀bu tó ń fa àrùn náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Gẹdú elm tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù láti fi ṣe àga àti tábìlì ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà. Kòkòrò kékeré kan ń gbé e láti igi dé igi. Gbòǹgbò igi tó bá sún mọ́ra sì máa ń so pọ̀ nínú ilẹ̀, àrùn náà a sì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà wa ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn ìlú wọ̀nyí fi igi kan ṣoṣo ṣe igbó, nígbà tí ikú dé, ó kó gbogbo òpópónà lọ.

Ìbẹ̀rù mú kí wọ́n fọ́n oògùn DDT sórí igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọgbà Michigan State University ní 1954. Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ robin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí wọ́n sì ń kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Wallace ní yunifásítì náà ló tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ewé tó ní oògùn lára wọ́wé sílẹ̀, ekòló jẹ ewé, ẹyẹ jẹ ekòló. Rachel Carson kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962. Ní 1972 ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de DDT fún iṣẹ́ oko àti igi.

Ẹ̀rọ tó ń gé àti ẹni tó wo inú igi

Nígbà tí elm ń kú lọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn dókítà igi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, gígé igi kúrò wá gba ọwọ́ wọn. Tẹ́lẹ̀, àáké àti ayùn ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Andreas Stihl ní ilẹ̀ Jámánì ṣe ayùn oníná ní 1926, ṣùgbọ́n ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì ní láti gbé e. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èyí tí ẹnì kan lè dá gbé tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ yìí dín làálàá kù. Lójú tèmi, ó dín àròjinlẹ̀ kù pẹ̀lú. Nígbà tí gígé igi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́, onílé ní àkókò láti yí ọkàn padà. Nígbà tí ó di iṣẹ́ wákàtí kan, kí ó tó ronú dé ìdí ọ̀rọ̀, igi ti wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kan náà ni ó la ojú àwọn ènìyàn. Alex Shigo, tí wọ́n bí ní 1930, jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń gé igi ní ìbú, wọ́n á wo òbìrí rẹ̀. Shigo fi ẹ̀rọ la igi ní òró, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ni ó là bẹ́ẹ̀, ó sì ń tọ ipasẹ̀ egbò kọ̀ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tó rí ni pé egbò igi kì í jinná. Bí ènìyàn bá fara gé, ara a máa fi ẹran tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá ti bàjẹ́ lára igi ti bàjẹ́ títí ayé. Ńṣe ni igi ń mọ ògiri yí i ká. Ó ń dí ọ̀nà sí òkè àti ìsàlẹ̀, ó ń dí ọ̀nà sí inú, ó sì ń dí ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́. Ògiri kẹrin ni ó lágbára jù, àárín igi tó ti wà ní ọjọ́ tí wọ́n dá egbò náà àti igi tuntun tó hù lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń mọ èyí sí. Shigo gbé ìmọ̀ yìí jáde ní 1977.

Ìgbà yìí ni àwọn dókítà igi mọ̀ pé àwọn ti ṣìṣe. Ẹni tó ń ha ihò igi títí dé ibi tó le ń wó ògiri tí igi ti mọ. Ẹni tó ń gé ẹ̀ka kí ó dọ́gba mọ́ ìtí ń gé ọrùn ẹ̀ka, ibi tó wú díẹ̀ ní ìdí rẹ̀, níbi tí igi ti ń pèsè ògiri sílẹ̀. Ọ̀dà kò dá ìjẹrà dúró. Bí wọ́n bá sì bẹ́ igi lórí, egbò náà máa ń tóbi ju ohun tí igi lè bò lọ, ìjẹrà a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá. Awọ igi lásán ni àwọn ẹ̀ka tuntun tó ń yọ níbẹ̀ dì mú, wọn kò ta gbòǹgbò sínú igi bí ẹ̀ka àtètèkọ́ṣe. Ewé púpọ̀ tí a yìn nínú ọgbà wa jẹ́ àmì ìnira. Igi náà ti pàdánù gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń sáré kí ebi má pa á.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn oníṣẹ́ náà gbà. Kò rọrùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà jẹun fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n jáwọ́.

Kò yẹ kí n fi àwọn tó ń gun igi sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ní Amẹ́ríkà níbi tó ti ń gé ẹ̀ka igi. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n ṣe ìlànà tí kò ní jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kú bẹ́ẹ̀. Ìlànà ààbò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà jáde ní 1972, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di òní. Nígbà tí mo kà á, ọmọkùnrin tó gun máńgòrò wa láìwọ bàtà ni mo rántí.

Ohun tí a rí nínú máńgòrò

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá mi. Ó gbà láti pe ọkùnrin kan tó kàwé nípa igbó, kí ó tó pe agégi kankan. Ọkùnrin náà fi òòlù lu ìtí igi náà yí po, ó ní kí n gbọ́. Láti ìsàlẹ̀ dé àyà mi, ó ń dún kìì. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó ń dún bí ìlù. Olú ti hù sí ibi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó ní, “Ìyá, ká ní wọn ò bẹ́ ẹ lórí ni, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló yẹ ká gé. Ṣùgbọ́n báyìí, inú rẹ̀ ti jẹ, ọmọ sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀.” Bàbá mi jàre, ìyá àgbà náà sì jàre. Ó dùn mí pé ìdájọ́ náà kò lè gba igi là.

Àwọn tó gé e de okùn mọ́ra, wọ́n dé akoto, wọ́n ń fi okùn sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Òrùlé ẹnikẹ́ni kò fọ́. Nígbà tí wọ́n gé ìtí náà lókè, mo rí ohun tí Shigo rí. Àárín rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó rin omi. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúdú yí i ká. Lẹ́yìn ìlà náà, igi funfun tó mọ́ tó sì le ló wà níbẹ̀, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ọdún méje ni ìka mẹ́ta yẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ ẹ títí di ọjọ́ tí a gé e. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Lára igi, ojú àpá àti ojú ara jọ wà pọ̀ ni, ògiri ló pín wọn níyà.

Mo fi ìlà náà han ìyá àgbà, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ yí po, wọ́n ní, “Ó gbìyànjú.” Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Karùn-ún a gbin máńgòrò mìíràn. Mo ka ìṣísẹ̀ 15 láti ògiri ilé wa àti 15 láti ògiri aládùúgbò wa, mo wo òkè bóyá wáyà iná kọjá níbẹ̀, kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá àgbà ló fi kóró rẹ̀ sílẹ̀, bàbá mi ló bu omi sí i. Nígbà tí ó bá tóbi tó láti nílò agégi, ó ṣeé ṣe kí èmi ni onílé. Mo ti mọ ìbéèrè tí màá kọ́kọ́ bi í kí ó tó gun igi: ibo lára ẹ̀ka ni o fẹ́ gé, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?